Ìrẹsì Kọ́ Ni Bàbá Ewu Lẹ́nubodè: Ọ̀nà Ẹ̀bùrú Ni Kí Gbogbo Wa Máa Ṣọ́!

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà Òkè-Ajé, ẹ̀yin ọ̀gá wa oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ ná. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹnubodè báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìdí-Ìrókò àti Ìmẹ̀kọ nìyẹn, kí ló kan Ìjẹ̀bú níbẹ̀? Irọ́ ni o! Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ wo inú ìsọ̀ yín dáadáa. Ìrẹsì òkèèrè tó wà nínú àpò, tọ́kì tó wà nínú fíríìsà, òkìríkà tí wọ́n kó kalẹ̀, mọ́tò tòkunbọ̀ tí mẹkáníìkì ń tú lọ́wọ́, ọ̀nà wo ni ẹ rò pé wọ́n gbà wọlé? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba Kútọnu, tó sì ti ẹnubodè ìpínlẹ̀ wa yìí wọlé. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe Ògùn ní ìpínlẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé: ibi tí ọjà bá ń gbà wọlé lóru, ohun tí kì í ṣe ọjà náà lè gbabẹ̀. Ọ̀nà tí àpò ìrẹsì gbà, ìbọn lè gbà á. Ọmọ tí wọ́n jí gbé lè gbà á. Ẹni tó wá pànìyàn náà lè gbà á.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká gbé gbogbo ewu tó wà lẹ́nubodè sórí ìwọ̀n lónìí, bí alápatà ṣe ń gbé ẹran sórí ìwọ̀n. Èwo ló wúwo nínú wọn? Èwo ló fúyẹ́? Nítorí bí a bá wò ó sàn-án, ó dà bíi pé èyí tó fúyẹ́ ni ìjọba ń fi ìbọn lé kiri, tí èyí tó wúwo sì ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

IBO TIẸ̀ NI ÀÀLÀ YÌÍ WÀ?

Láti etí òkun ní Sẹ̀mẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni ààlà àwa àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Ìbíní ti Ọba Ẹdó la ń wí o. Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975 ni. Láti Sẹ̀mẹ̀, ààlà náà gba Ìpókíá, Yewa Àríwá àti Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí. Ó gba Ọ̀yọ́, ó gba Kwara, ó gba Ìpínlẹ̀ Niger, ó sì dé Kebbi lókè lọ́hùn-ún. Gígùn rẹ̀ lé ní 700 kìlómítà. Igbó àti ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí ògiri, kò sí wáyà.

Àwọn òyìnbó ló fa ilà náà. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn lórí ibi tí ti oníkálukú máa dé. Kò sí ọba Yorùbá kankan ní ìjókòó wọn. Bí wọ́n ṣe la ilẹ̀ Kétu sí méjì nìyẹn: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ìlú lábẹ́ Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá ńkọ́? Apá kan ìlú náà wà ní Nàìjíríà, apá kan wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ wà níhìn-ín, tí ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́hùn-ún, ṣé fàyàwọ́ ló ń ṣe bó bá lọ kí ìyá rẹ̀?

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò kan. Lọ́dún 2013, Abba Moro tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà sọ fáráyé pé ojú ọ̀nà tí ìjọba mọ̀, tó sì ní òṣìṣẹ́ níbẹ̀, yípo gbogbo ààlà Nàìjíríà, jẹ́ 84. Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n kà ńkọ́? 1,499 ni! Ìyẹn ni pé bí ẹ bá rí géètì kan tí wọ́n dúró sí, ọ̀nà bíi 17 sí 18 mìíràn wà tí wọn ò dúró sí. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn iwájú ilé yín pa, tí ẹ ṣí fèrèsé 17 sílẹ̀, ṣé olè máa kan ilẹ̀kùn ni?

ÈKÍNNÍ LÓRÍ ÌWỌ̀N: ÌRẸSÌ ÀTI EPO BẸNTIRÓÒLÙ

Eléyìí ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ìrẹsì gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Tọ́kì àti adìẹ dídì náà wà lára ọjà tí òfin kò gbà kí wọ́n kó wọ̀lú. A kì í ṣe agbẹjọ́rò onífàyàwọ́ níbí o. Àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì ọ̀fadà nínú ìpínlẹ̀ wa mọ ohun tí ọjà òkèèrè ń ṣe fún òun, owó orí ọjà tí kò wọ àpò ìjọba sì ni kì í sí fún ọ̀nà àti ilé ìwòsàn. Ó ní ìpalára tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ìjọba ti fi ṣe? Wọ́n máa ń ti ẹnubodè ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Oṣù Kẹta ọdún 1986 ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida tó ṣí i. Nǹkan bí ọdún méjì! Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, tún tì í. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí mẹ́rin, Sẹ̀mẹ̀ wà lára wọn. Ìdí-Ìrókò tiwa ní láti dúró di oṣù Kẹrin ọdún 2022.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà nígbà náà, ẹ ò ní gbàgbé. Owó ìrẹsì gun òkè àjà, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ìrẹsì òkèèrè tán lọ́jà? Kò tán. Ẹni tó ń gba ojú títì pẹ̀lú ìwé, tó fẹ́ kó ọjà Nàìjíríà lọ tà ní Tógò àti Gáná, ọkọ̀ tiẹ̀ ló dúró sí Sẹ̀mẹ̀ tí ọjà inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Ẹni tó ń gba inú igbó ń bá tiẹ̀ lọ, àfi pé owó ẹ̀gúnjẹ tó ń san pọ̀ sí i, ó sì gbé e lé orí ọjà fún ẹ̀yin tí ẹ ń rà. Olóòótọ́ ló jìyà, ọ̀daràn kàn ṣírò owó mìíràn ni.

Ti epo bẹntiróòlù tún wá burú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, wọ́n pàṣẹ pé ilé epo kankan tó wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè kò gbọdọ̀ gba epo mọ́. Àwọn ará Ìpókíá àti Ìdí-Ìrókò tí kò ṣe fàyàwọ́ rí, tí wọ́n kàn fẹ́ fi epo sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ìyà jẹ wọ́n. Epo sì ń kọjá lọ sí Kútọnu síbẹ̀.

Kí ló wá dín in kù? Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Owó epo gbéra sókè níbí, èrè tó wà nínú gbígbé e kọjá sì já wálẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí àwọn tó ń ta epo ẹ̀gbẹ́ títì ní Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo, ti ń pariwo pé ọjà ò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. A mọ ìyà tí owó epo yẹn fi jẹ wá, kò sí ẹni tí kò fara gbá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ohun tí ìbọn kò lè ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, èrè tó dín kù ló ṣe é. Fàyàwọ́ kì í kú nítorí géètì, ìgbà tí èrè bá tán nínú rẹ̀ ló ń kú.

Nítorí náà, ìrẹsì àti epo ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló wúwo jù. Ohun tó burú jù nínú wọn ni pé àwọn ló ń la ọ̀nà fún àwọn yòókù. Ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà igbó, ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó dúró níbẹ̀, ilé tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹrù mìíràn, owó nìkan ló kù kó mú wá. Igbó tí wọ́n ń kó láti Gáná, tí àwọn ọmọ ìta ń pè ní láòdù, ọ̀nà yẹn náà ló ń gbà.

ÈKEJÌ: MỌ́TÒ TÍ WỌ́N JÍ

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin dẹ̀rẹ́bà, ẹ óò rántí orúkọ Hamani Tidjani. Ọ̀gá ni láàárín àwọn tó ń fi ìbọn gba mọ́tò ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń wà á lọ sí òdì kejì lọ tà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Ààrẹ Olusegun Obasanjo ti ẹnubodè àwa àti Bẹ̀nẹ̀ pa. Kò pẹ́ tí Tidjani fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn agbófinró Nàìjíríà, ẹnubodè sì ṣí padà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú ti 2003 àti ti 2019. Ti 2019 gba oṣù mẹ́rìndínlógún, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé fàyàwọ́ tán. Ti 2003 kò pẹ́ rárá. Kí ló fà á? Nítorí pé wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Orúkọ ènìyàn kan ni wọ́n dì mú, kì í ṣe agbọ̀n ìyá kan tó ń bọ̀ láti ọjà. Ìjọba méjèèjì sì jọ sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń mú olè nìyẹn.

ÌKẸTA: ỌMỌ ỌLỌ́MỌ

Eléyìí wúwo, ẹ̀yin ìyá. Lọ́dún 2003 kan náà, wọ́n rí àwọn ọmọ kéékèèké níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ti tàn wọ́n kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn, wọ́n kó wọn kọjá ààlà, wọ́n sọ wọ́n di ẹrú nínú kòtò òkúta. Àwọn tí wọ́n dá padà sílé lé ní 200. Ọdún yẹn náà ni ìjọba dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti máa gbógun ti àwọn tó ń ta ènìyàn.

Ọmọ tó lé ní 200, ṣé inú àpò ni wọ́n kó wọn sí? Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n kọjá níwájú àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Ojú àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lára ẹrù, kò sí lára ọmọ. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń mú ọmọ wá láti òdì kejì láti wá ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ọmọ wá fún yín, ẹ bi í léèrè: ta ni ìyá rẹ̀? Ìlú wo ló ti wá? Ọmọ ọdún mélòó ni? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má gba ọmọ náà bí ẹni gba ẹrù. Ẹ fi tó àwọn agbófinró létí.

ÌKẸRIN: ÌBỌN ÀTI AGBÉSÙNMỌ̀MÍ

Èyí ni bàbá wọn. Láti ìparí ọdún 2021 ni àwọn agbésùnmọ̀mí tó ń da Mali àti Burkina Faso láàmú ti ń wọ àríwá Bẹ̀nẹ̀ láti wá pa ṣọ́jà. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ṣọ́jà Bẹ̀nẹ̀ 54 ni wọ́n pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítòsí ibi tí Bẹ̀nẹ̀, Niger àti Burkina Faso ti pààdé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olórí ẹgbẹ́ Ansaru méjì. Ọ̀kan nínú wọn ló jẹ́ ọ̀gá àwọn tó fi igbó ọba Kainji ṣe ibùba, ìyẹn igbó tó wà ní agbègbè Niger àti Kwara lẹ́bàá ààlà Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹwàá máa fi parí, ẹgbẹ́ JNIM, tí wọ́n ń jà ní Mali, sọ pé àwọn ti ṣe ìkọlù àkọ́kọ́ àwọn ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹ má sọ pé Kwara jìnnà o. Kwara àti Ọ̀yọ́ pààlà, Ọ̀yọ́ àti Ògùn pààlà. Ààlà kan náà tó gba Kwara ló sọ̀ kalẹ̀ dé Ìmẹ̀kọ. Àwọn tó mọ̀ nípa wọn sì sọ pé epo fàyàwọ́ àti ọ̀kadà fàyàwọ́ ni irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń rìn. Ẹni tó ń ta epo fún wọn nínú igbó kò pe ara rẹ̀ ní agbésùnmọ̀mí. Oníṣòwò ló pe ara rẹ̀. Ẹ rí i bí èyí tó fúyẹ́ ṣe ń gbé èyí tó wúwo kọ́rùn?

ÀWỌN TÓ Ń ṢỌ́ WA ŃKỌ́?

Àwọn aṣọ́bodè, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn ìmígíréṣọ̀n, ọlọ́pàá, ṣọ́jà, gbogbo wọn ló wà lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wọn tọkàntọkàn pọ̀, àwọn onífàyàwọ́ sì ti pa nínú wọn. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́. Bí ọkọ̀ kan bá gba iwájú wọn kọjá nítorí pé ó ti san owó, ta ló mọ ohun tó wà lábẹ́ àpò ìrẹsì inú rẹ̀? Ẹni tó gba ẹ̀gúnjẹ kò tú ẹrù wò. Ìrẹsì ló rò pé òun jẹ́ kó kọjá.

Ìbọn tún ńkọ́? Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè àti àwọn onífàyàwọ́ kọlu ara wọn ní Ìsẹ́yìn, ẹ̀mí sì ṣòfò lọ́jọ́ ọdún. Bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan, ẹ rò ó wò: lọ́jọ́ tí àjèjì bá gbé ìbọn gba ìlú náà kọjá lóru, ta ni yóò lọ sọ fún aṣọ́bodè? Àwọn ará ìlú á ní kò kan àwọn. Ìjọba á ti sọ etí ara rẹ̀ di.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ará ẹnubodè yìí náà ni ààbò wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí rògbòdìyàn àwọn darandaran àti àgbẹ̀ gbóná ní Yewa Àríwá, àwọn èèyàn wa sá kọjá sí Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ló gbà wọ́n sílé. Ààlà tí a ń bẹ̀rù, òun ni wọ́n sá lọ bá.

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍLẸ̀ ÌJẸ̀BÚ FÚNRA RẸ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọ̀rọ̀ ẹnubodè, àwa Ìjẹ̀bú ni. Ẹ lọ wo Ẹrẹ̀dò Sùǹgbọ́. Yàrà ńlá ni, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, bíi 160 kìlómítà. Láwọn ibì kan, láti òkè odi rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ yàrà tó 20 mítà, ó sì ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa náà mọ bí a ṣe ń ti ọ̀nà. Wọ́n ń gba owó oníbodè, wọn kì í jẹ́ kí ará òkè kọjá lọ bá àwọn ará etí òkun ṣòwò bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí Awùjalẹ̀ Túnwàṣe wà lórí ìtẹ́, títì tí Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà ló dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú Gómìnà Carter ti Èkó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn ńlá wá, ogun Ìmàgbọ̀n dé, Ìjẹ̀bú-Òde sì bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Yàrà wà níbẹ̀ o, kò dí wọn lọ́nà.

Yàrà kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró létí yàrà ló ń sọ̀rọ̀. Bí ìyẹn bá dákẹ́, bí yàrà ti wù kó jìn tó, àsán ni.

KÍ NI KÁ WÁ ṢE?

Ọwọ́ ìjọba ni àkọ́kọ́ wà. Ó ti dá àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn ìlú ẹnubodè sílẹ̀ láti ọdún 2003. Kí àwọn ará Ìlárá àti Ọjà-Ọ̀dán rí ọ̀nà, omi àti iṣẹ́, nítorí ọ̀dọ́ tó níṣẹ́ kì í yá fàyàwọ́ lára. Kí àwọn aṣọ́bodè mọ baálẹ̀, mọ ìyálọ́jà, mọ olórí ọlọ́kadà ní ibi tí wọ́n ń ṣọ́. Kí aṣọ́bodè tó yìnbọn lu ará ìlú fojú ba ilé ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ibùdó àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon ṣí ní Sẹ̀mẹ̀ lọ́dún 2018 kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé lásán. Kí àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì máa sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ fún ara wọn.

Ó ku tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kútọnu, ẹ̀tọ́ yín ni láti kọjá. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ orílẹ̀-èdè ara wọn láìgba físà fún 90 ọjọ́, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà. Ẹ gba ojú títì pẹ̀lú ìwé yín. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, bí wọ́n bá gbé mọ́tò wá pé kí ẹ pa nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì rẹ́, ẹ má ṣe é. Ẹ̀yin onílé, ẹni tó fẹ́ gba yàrá kẹ́rù sí, tó ní òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ẹrù òun, ẹ bi í pé kí ni. Ẹni tó bá ń fojú fo irú nǹkan báwọ̀nyí nítorí owó, agbódegbà ni, kódà bí kò gbé ìbọn rí.

Ìyá tó ń ta ìrẹsì dérìkà méjì kọ́ ló ń ba Nàìjíríà jẹ́. Ẹni tó ń gba ọ̀nà tí ìrẹsì là kọjá láìsí ẹni tó bi í léèrè, òun ni ká máa wá. Kí ìjọba gbójú kúrò lára agbọ̀n, kó gbé e sára ọ̀nà. Kí àwa náà lajú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Ìdí-Ìrókò àti Sẹ̀mẹ̀, ẹ̀yin tí wọ́n ti gba ẹrù yín rí, ẹ̀yin aṣọ́bodè pàápàá, ẹ kọ lẹ́tà yín sí wa. Ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún tọ̀tún-tòsì. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, ká jọ gbé e sórí ìwọ̀n.